"-ing" kì í ṣe "ń" nígbà gbogbo: àlàyé gerund fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ wo gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì méjì yìí:

She is reading.
Reading is hard.

Ọ̀rọ̀ kan náà, "reading", ló wà nínú méjèèjì. Lẹ́tà rẹ̀ kò lé, kò dín, bí a sì ṣe ń pè é nínú ti àkọ́kọ́ náà la ṣe ń pè é nínú èkejì. Ẹ wá sọ wọ́n ní Yorùbá. Ti àkọ́kọ́ ni "Ó ń kàwé." Ti èkejì ni "Ìwé kíkà le." Ẹ dán an wò, ẹ gbé "ń kàwé" sí ipò "ìwé kíkà", kí ẹ wí pé "Ń kàwé le." Etí yín ti kọ̀ ọ́ kí ẹnu yín tó sọ ọ́ tán.

Ohun tí etí yín ṣe yẹn ni a ó lò láti ìbẹ̀rẹ̀ àlàyé yìí dé òpin rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti mọ gerund kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n kọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé "-ing" ni "ń". Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ èmi. Olùkọ́ kọ "I am going" sára pátákó, ó ní "go" ni "lọ", "-ing" ni "ń", ó parí. Ẹ̀kọ́ yẹn wúlò fún ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá "Going there is dangerous" pàdé nínú ìwé, ńṣe ni mo ń wá ẹni tó ń lọ. Mo wá a níwájú, mo wá a lẹ́yìn, n kò rí i. Kò sí ẹni tó ń lọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa lílọ ni wọ́n ń sọ: "Lílọ síbẹ̀ léwu." Ìgbà tí ẹnì kan tọ́ka sí "lílọ" yẹn fún mi ni ojú mi tó là sí ọ̀rọ̀ náà, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni gerund gan-an?

Gerund ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi "-ing" kún ìparí rẹ̀, tó sì wá ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìṣe ni "eat". Orúkọ ìṣe náà ni "eating". Ìṣe ni "write". Orúkọ rẹ̀ ni "writing".

Yorùbá ń ṣe ohun kan náà, iwájú ọ̀rọ̀ ló kàn ti ń ṣe tirẹ̀. A ó mú kọ́ńsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, a ó fún un ní fáwẹ̀lì "í", a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀ náà. "Lọ" di "lílọ", "jẹ" di "jíjẹ", "sùn" di "sísùn", "rà" di "rírà". Àpètúnpè ẹlẹ́bẹ ni wọ́n ń pè é nínú ẹ̀kọ́ gírámà Yorùbá. Kò sí ẹni tó kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ní òfin yìí, síbẹ̀ yóò sọ fún yín pé sísùn kò wu òun.

Orúkọ tó ń dẹ́rù bà wá yìí, gerund, inú èdè Látìn ló ti wá, láti ara "gerundium", èyí tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe "gerere": kí a gbé nǹkan, tàbí kí a ṣe nǹkan. Bí ẹ bá rí ìwé tí kò lo orúkọ náà rárá, tó kàn ń pè é ní "-ing form", ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Àwọn onímọ̀ gírámà kan lónìí kò ya gerund sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn "-ing" yòókù mọ́, nítorí pé ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè náà, mo gbà pé ó dára kí a yà wọ́n, torí Yorùbá tó wà lẹ́nu wa ti yà wọ́n fún wa.

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò fi ojú kan náà hàn fún méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ kó tó di nǹkan bí ọdún 1100, "-ung" tàbí "-ing" ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ: "leornung" ni ẹ̀kọ́ kíkọ́. Ọ̀rọ̀ tó ń júwe ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní tirẹ̀ máa ń parí sí "-ende": "singende" ni ẹni tó ń kọrin. Láàárín nǹkan bí ọdún 1100 sí 1500, méjèèjì ń sún mọ́ ara wọn, títí "-ing" fi gba ipò "-ende" mọ́ tirẹ̀. Èdè Jámánì, tó jẹ́ ìbátan Gẹ̀ẹ́sì, kò pa tirẹ̀ pọ̀ títí di òní: "Warnung" ni ìkìlọ̀, "warnend" ni ohun tó ń kìlọ̀. Nítorí náà, bí "-ing" bá ń rú yín lójú, ó ní ìdí. Ọ̀rọ̀ méjì ló wọ aṣọ kan ṣoṣo.

Ibi tí gerund máa ń jókòó sí

Níbi tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti lè jókòó, gerund lè jókòó síbẹ̀. Ó lè jẹ́ olùwà: "Singing makes me happy", orin kíkọ máa ń mú inú mi dùn. Ó lè jẹ́ àbọ̀: "I love singing", mo fẹ́ràn orin kíkọ. Ó lè tẹ̀ lé "is": "My hobby is singing". Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó kẹ́yìn yìí, torí pé "is" àti "-ing" tẹ̀ léra wọn níbẹ̀ bí ìgbà tí a bá sọ pé "She is singing". Etí Yorùbá yóò yọ yín: "Ohun tí mo fẹ́ràn láti máa ṣe ni orin kíkọ." Ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé ohun tí òun fẹ́ràn "ń kọrin".

Nígbà tí gerund bá jẹ́ olùwà, ohun kan wà tó máa ń gbé àwa ọmọ Yorùbá ṣubú. Ẹ wo èyí:

Reading these books is hard.

Ọ̀pọ̀ ni yóò kọ "are" síbẹ̀, torí ojú wọn ti bá "books" pàdé, "books" sì ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà bóyá ẹyọ kan ni olùwà tàbí púpọ̀, nítorí náà kò mọ́ wa lára láti béèrè ta ni olùwà gan-an. Ẹ béèrè: kí ló le? Ṣé ìwé ni, àbí kíkà? Kíkà ló le. Ẹyọ kan ni kíkà, bí ìwé tilẹ̀ kún iyàrá. "Is" la ó lò. Bí ìṣe bá di méjì ni "are" tó wọlé: "Reading and writing are different skills."

Ẹ tún ṣàkíyèsí pé "these books" ṣì ń tẹ̀ lé "reading" gẹ́gẹ́ bí àbọ̀ rẹ̀. Àrà tí gerund ń dá nìyí. Ó ti di orúkọ, síbẹ̀ kò gbàgbé pé ìṣe lòun tẹ́lẹ̀. Ó ṣì ń gba àbọ̀, ó sì ṣì ń gba ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí a ṣe ṣe nǹkan: "Driving carefully saves lives", wíwa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ máa ń dáàbò bo ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi "the" síwájú rẹ̀, ó ti di orúkọ pátápátá nìyẹn, kò sì ní lè mú àbọ̀ dání mọ́ àfi kí "of" bá a gbé e: "the reading of the letter". Ẹ má kọ "the reading the letter".

Ní Yorùbá, a lè gbé àbọ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn: "kíka ìwé", "ìwé kíkà". Tẹnu wa fẹ́ràn èkejì, ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń kọ "I like book reading". Ẹ gbé àbọ̀ sẹ́yìn: "I like reading books." Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

"Láti" tó ń tàn wá jẹ

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù nìyí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀.

Yorùbá fún wa láyè. "Mo fẹ́ràn láti máa kọrin" dára, "Mo fẹ́ràn orin kíkọ" náà dára, ẹni kẹ́ni kò ní dá wa dúró. Nítorí pé "láti" sì jọ "to" lójú wa, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òun gbádùn láti máa kàwé yóò kọ "I enjoy to read". Àṣìṣe ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ló ń pinnu ohun tó fẹ́ kó tẹ̀ lé òun, kì í ṣe àwa. "Enjoy" kì í gba "to", gerund nìkan ló ń gbà: "I enjoy reading."

Àwọn mìíràn tó ń ṣe bíi "enjoy" ni "finish", "avoid", "keep", "mind", "practise", "miss", "admit", "deny", "suggest", "consider", "postpone" àti "give up". "She finished cooking", ó ti parí oúnjẹ sísè. "He avoided looking at me", ó yẹra fún wíwò mí. "They kept talking", wọn kò dákẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Lódìkejì, àwọn kan kò fẹ́ gerund rárá, "to" ni wọ́n ń gbà: "want", "hope", "decide", "promise", "agree", "refuse", "plan", "expect". "I want to go." Kò sí "I want going".

Ṣé ọgbọ́n kan wà tí a lè fi mọ èyí tó jẹ́ ti gerund? Ó wà, àmọ́ kò bo gbogbo wọn. Ẹ wo àwọn tó ń gba "to": ẹni tó fẹ́, tó ń retí, tó pinnu, tó ṣèlérí, iwájú ló ń wò. Ohun tó ń sọ kò tíì ṣẹlẹ̀. Ẹni tó gbádùn nǹkan, tó parí nǹkan, tó jẹ́wọ́ nǹkan, tàbí tó sẹ́ nǹkan ní tirẹ̀, nǹkan náà ti wà nílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Gerund ń sọ nípa ìṣe tó ti wà nílẹ̀ bí ohun tí a lè tọ́ka sí, "to" ń nawọ́ sí ìṣe tó ń bọ̀. "Suggest" àti "postpone" kò bá ọgbọ́n yìí mu, torí ohun tí a dámọ̀ràn tàbí tí a sún síwájú kò tíì ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ gerund ni wọ́n ń gbà. Irú wọn kò ní ẹ̀rọ̀ ju kí a há wọn sórí lọ. Bí mo bá sì ti dárúkọ "suggest", ẹ jọ̀wọ́, "He suggested me to go" kò sí. "He suggested going" tàbí "He suggested that I go" ni kí ẹ kọ.

Àwọn tí kò yọ yín lẹ́nu ni "like", "love", "hate", "start", "begin" àti "continue". Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì ni kí ẹ lò. "It started raining", "It started to rain", òjò kan náà ló rọ̀.

Ó wá ku àwọn tó ń gba méjèèjì ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ wọn ń yí padà. "Stop" ló ṣe pàtàkì jù nínú wọn. "He stopped eating": ó jáwọ́ nínú oúnjẹ jíjẹ. "He stopped to eat": ó dá ohun mìíràn tó ń ṣe dúró kó lè jẹun. Ẹ ronú sí dókítà tó sọ fún aláìsàn rẹ̀ pé "You must stop smoking". Ó ní kó jáwọ́ nínú sìgá mímu. Bí aláìsàn náà bá gbọ́ ọ bí "stop to smoke", ohun tí yóò ṣe ni pé yóò dúró lójú ọ̀nà, yóò sì tanná sí sìgá. Lẹ́tà méjì péré, "t" àti "o", ló ń yí ìmọ̀ràn náà sódì.

Ní ti "remember", ẹ wo èyí tó ṣáájú. "I remembered to lock the door": mo kọ́kọ́ rántí, mo sì wá ti ilẹ̀kùn. "I remember locking the door": mo ti ti ilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀, mo sì ń rántí rẹ̀ báyìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni "forget". Ẹni tó ní "I forgot to call her" kò pè é rárá. Ẹni tó ní "I will never forget meeting her" ti bá a pàdé, ìpàdé náà kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀-atọ́kùn

Nínú gbogbo òfin gerund, èyí ló dúró ṣinṣin jù, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ òfin kan tí ẹ lè gbára lé, ẹ di èyí mú: ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-atọ́kùn gbọ́dọ̀ ní "-ing". Ẹ rántí "in", "on", "at", "of", "for", "about", "by", "before", "after", "without". "Thank you for helping me." "She is good at drawing." "He left without saying a word." "Wash your hands before eating."

Níbí, ẹ má fi etí Yorùbá nìkan ṣe é. "Before eating" lẹ́nu wa ni "kí ẹ tó jẹun", kò sí "jíjẹ" níbẹ̀. "Without saying a word" ni "láìsọ ọ̀rọ̀ kan". Òfin ni kí ẹ tẹ̀ lé níbi tí etí bá ti dákẹ́.

Ọ̀rọ̀-atọ́kùn kan wà tó ń fara pamọ́, òun ni "to". "To" méjì ló wà. Ọ̀kan ni ti "to go", "to eat", tí ọ̀rọ̀-ìṣe láìsí "-ing" máa ń tẹ̀ lé. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀-atọ́kùn bíi "at" àti "for", gerund ló sì ń fẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ lẹ́tà tó sì fẹ́ sọ pé òun ń retí láti rí ẹni tó ń kọ ọ́ sí, "I am looking forward to seeing you" ni yóò kọ. Mi ò lè ka iye lẹ́tà tí mo ti rí "to see you" nínú wọn, tí gbogbo ìyókù lẹ́tà náà sì dára.

Báwo la ṣe ń mọ "to" tí ó jẹ́? Ẹ fi ọ̀rọ̀-orúkọ lásán dán an wò. "I look forward to the meeting" dára, ó mọ́ létí. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni "to" yẹn, gerund sì lè gba ipò "the meeting". Ẹ wá gbìyànjú "I want to the meeting". Kò ṣeé sọ. "To" àkọ́kọ́ nìyẹn, ti "to go", ọ̀rọ̀-ìṣe láìsí "-ing" ló yẹ kó tẹ̀ lé e.

Ìdánwò yìí kan náà ló ń ya "used to" méjì. "I used to wake up early": mo máa ń tètè jí tẹ́lẹ̀, n kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. "I am used to waking up early": títètè jí ti mọ́ mi lára. A lè sọ pé "I am used to the noise", ariwo náà ti mọ́ mi lára, nítorí náà ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni. Ẹni tó bá pa "am" yẹn rẹ́ ti sọ òdìkejì ohun tó ní lọ́kàn.

Omi mímu àti omi tó ń ṣàn

Ẹ wo "drinking water" àti "running water". Lójú, bákan náà ni wọ́n ṣe tò: ọ̀rọ̀ kan tó ní "-ing", "water" sì tẹ̀ lé e. Ẹ túmọ̀ wọn. "Running water" ni omi tó ń ṣàn. Omi náà ló ń ṣe ìṣe náà. "Drinking water" ńkọ́? Ṣé omi tó ń mu nǹkan ni? Rárá o. Omi mímu ni. Gerund nìyẹn, "mímu", tó wá sọ ohun tí omi náà wà fún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "a sleeping child" jẹ́ ọmọ tó ń sùn, nígbà tí "a sleeping bag" jẹ́ àpò tí a ṣe fún sísùn. Àpò kì í sùn. "A waiting room" jẹ́ iyàrá fún dídúró de nǹkan. Bí ìṣe bá jẹ́ ti ohun náà fúnra rẹ̀, tí "tó ń" sì bá a mu, kì í ṣe gerund. Bí ó bá jẹ́ "fún" ló bá a mu, gerund ni.

Ohùn àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré tún ń fi í hàn. Wọ́n ń tẹ̀ mọ́ "drinking" ju "water" lọ nínú "drinking water", ṣùgbọ́n nínú "running water", orí "water" ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́. Ẹ tẹ́tí sí i nígbà míì tí ẹ bá gbọ́ ọ.

Àmọ́ ẹ má rò pé gbogbo àpètúnpè Yorùbá ló ń di "-ing". "Omi gbígbóná" ni "hot water", "aṣọ gbígbẹ" sì ni "dry clothes". Ìrísí nǹkan ni ìwọ̀nyẹn ń sọ.

Ẹ tún ṣọ́ ọ̀rọ̀ bíi "building". Nínú "Building a house takes time", kíkọ́ ilé ni, gerund ni. Nínú "That building is tall", ilé fúnra rẹ̀ ni, ohun tí a lè fọwọ́ kàn, tí a sì lè fi "s" kún: "two buildings". Ó ti di ọ̀rọ̀-orúkọ gidi, bíi "painting" tó jẹ́ àwòrán tàbí "meeting" tó jẹ́ ìpàdé.

Àìsí rẹ̀, àti ẹni tó ni í

Tí a bá fẹ́ sọ gerund di òdì, "not" la ó fi síwájú rẹ̀: "Not sleeping is bad for you." Yorùbá ní tirẹ̀ tó rọrùn gan-an, "àì": àìsùn kò dára fún ara. Àìmọ òfin, "not knowing the rule". Ní ọ̀pọ̀ ibi tí "àì" bá ti wá sí yín lẹ́nu, "not" àti "-ing" ló fẹ́ jáde lódìkejì: "I am sorry for not coming", ẹ má bínú sí àìwá mi.

"Wíwá mi", "lílọ rẹ̀", a máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ohun tó jẹ́ orúkọ lè ní olówó. Gẹ̀ẹ́sì náà ń sọ ọ́: "my coming", "his leaving". "His singing woke me", orin kíkọ rẹ̀ ló jí mi. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ ó gbọ́ "Do you mind me opening the window?" Nínú ìwé tó bá jẹ́ ti iyì, "my opening" ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fẹ́. N kò ní pe ti àkọ́kọ́ ní àṣìṣe, ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, ẹ kọ "my".

Ní ti sípẹ́lì, kò pọ̀. "E" tí a kì í pè ní ìparí ọ̀rọ̀ máa ń já bọ́: "make", "making", "write", "writing". "T" kan ṣoṣo ló wà nínú "writing". Ọ̀rọ̀ kúkúrú tó parí sí fáwẹ̀lì kan àti kọ́ńsónáǹtì kan máa ń sọ kọ́ńsónáǹtì náà di méjì: "run", "running", "sit", "sitting", àfi tó bá jẹ́ "w", "x" tàbí "y", bíi "show", "showing". "Lie" di "lying", "die" di "dying". "Y" kì í kúrò: "study", "studying".

Ẹ jẹ́ ká wá lo gbogbo rẹ̀ lórí ìpínrọ̀ kékeré kan:

After closing the door, the girl sat listening to the rain. The falling water made her sleepy. She was trying to finish her reading, but staying awake was hard. In the morning she remembered nothing.

"Closing" tẹ̀ lé "after", ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni, gerund ni: lẹ́yìn títi ilẹ̀kùn. "Listening" ńkọ́? Ó jókòó, ó ń tẹ́tí sí òjò. "Ń" ló bá a mu, kì í ṣe gerund. "Falling water" ni omi tó ń já bọ́, omi ló ń ṣe é, kì í ṣe gerund. "Was trying" ni "ó ń gbìyànjú". "Her reading" ni ìwé kíkà rẹ̀, ó ní olówó, orúkọ ni. "Staying awake" ni wíwà lójúfò. Ẹ béèrè pé kí ló le, òun ló le, òun ni olùwà, gerund ni, "was" tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ti ẹyọ kan. Ó ku "morning". Ẹ yọ "-ing" kúrò lára rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣẹ́ kù. Kò sí ẹni tó ń "morn". Òwúrọ̀ lásán ni.